Bí Ansible ṣe ń bójú tó ọ̀pọ̀ sáfà láti ojú kan

Ẹni tó ní sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn) lè máa wọlé sí i fúnra rẹ̀, kó máa tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí sáfà bá ti di mẹ́wàá, wàhálà dé nìyẹn. Wọ́n á tún mẹ́jọ ṣe, wọ́n á gbàgbé méjì, ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ èyí tí wọ́n gbàgbé títí nǹkan á fi bàjẹ́. Nítorí irú iṣẹ́ báyìí ni Michael DeHaan ṣe gbé Ansible, ètò tó ń bá èèyàn tún ọ̀pọ̀ sáfà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, jáde lọ́dún 2012. Ilé-iṣẹ́ Red Hat rà á ní 2015, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ṣì ni.

Àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀, bíi Puppet àti Chef, sábà máa ń fẹ́ kí ètò kan máa gbé lórí sáfà kọ̀ọ̀kan, kó máa gba iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ansible ò fẹ́ ìyẹn. Ọ̀nà SSH, tí èèyàn fi ń wọ kọ̀ǹpútà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn láìséwu, ló ń gbà wọlé sórí Linux: á gbé ètò kékeré kan (module) tí wọ́n fi èdè Python kọ síbẹ̀, á ṣiṣẹ́, á gba èsì, á pa ètò náà rẹ́, á sì jáde. Tí SSH àti Python bá ti wà lórí sáfà, ó parí.

Nítorí náà, orí kọ̀ǹpútà kan péré la ti máa fi Ansible sí. Linux tàbí Mac ni kó jẹ́. Ẹni tó ń lo Windows á gba inú WSL, Linux tó ń ṣiṣẹ́ nínú Windows, lọ. Lórí Ubuntu, èyí tó yá jù ni:

sudo apt install ansible

Ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun kó lo pipx, tó ń fi àwọn ètò Python sórí kọ̀ǹpútà:

pipx install --include-deps ansible

Kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ SSH ti wà nílẹ̀. Àṣẹ ssh-keygen -t ed25519 ló ń ṣe é, ssh-copy-id ló ń gbé e dé orí sáfà. Lẹ́yìn náà, kí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọlé sí sáfà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tó bá ṣì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, kó dúró ná, kó yanjú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru Ansible lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀bi SSH ni.

Ó kù kí Ansible mọ àwọn sáfà ọ̀hún. Inú fáìlì kan la máa kọ wọ́n sí, ká pè é ní hosts.ini:

[web]
192.168.1.20
192.168.1.21

[web:vars]
ansible_user=ade

Lẹ́yìn náà la máa kí wọn:

ansible all -i hosts.ini -m ping

Tí ọ̀nà bá là, sáfà kọ̀ọ̀kan á dáhùn "pong". Èyí kì í ṣe ping tí gbogbo èèyàn mọ̀ o. Ó ń dán an wò bóyá Ansible lè wọlé, kó sì rí Python tó máa lò. Tó bá kọ UNREACHABLE, ọ̀rọ̀ SSH ni, ká padà síbẹ̀.

Inú playbook, fáìlì tí a kọ gbogbo iṣẹ́ tí a fẹ́ sí, ni iṣẹ́ gan-an wà. Ọ̀nà ìkọ̀wé tí wọ́n ń pè ní YAML la fi ń kọ ọ́, space la fi ń tò ó, kò gba Tab rárá. Ti nginx, ètò tó ń fi ojúewé wẹ́ẹ̀bù ránṣẹ́, nìyí, ká pè é ní web.yml:

- name: Ètò nginx
  hosts: web
  become: true
  tasks:
    - name: Kí nginx wà níbẹ̀
      ansible.builtin.apt:
        name: nginx
        state: present
        update_cache: true
    - name: Kí nginx máa ṣiṣẹ́
      ansible.builtin.service:
        name: nginx
        state: started
        enabled: true

Ẹ wo "state" dáadáa. A ò sọ pé "fi nginx sí i". Ohun tí a sọ ni pé kó wà níbẹ̀. Ó dà bíi ká sọ fún ọmọ pé kó rí i pé ìkòkò omi kún, dípò ká ní kó lọ pọn garawa mẹ́ta. Tí ìkòkò bá ti kún, kò ní pọn nǹkan kan.

Become ló ń jẹ́ kó lo sudo (agbára ọ̀gá lórí sáfà), -K ló sì ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù sudo náà:

ansible-playbook -i hosts.ini web.yml -K

Lórí Ubuntu tí nginx ò tíì sí, PLAY RECAP, àkópọ̀ èsì tó ń jáde níparí, á kọ ok=3 changed=1 fún sáfà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ méjì la kọ; ẹ̀kẹta ni ìwádìí tí Ansible kọ́kọ́ ń ṣe nípa sáfà. Ẹyọ kan ló yí padà, nítorí Ubuntu fúnra rẹ̀ ti tan nginx gbàrà tó fi sí i. Ká tún un ṣe: changed=0. Ìgbà kejì yìí gan-an ni ìdánwò playbook. Tí ẹnì kan bá lọ fọwọ́ pa nginx lórí sáfà kan, tí a tún un ṣe, ẹyọ sáfà yẹn nìkan ló máa kọ changed=1.

Àwọn tó ń kó gbogbo iṣẹ́ wọn sínú shell tàbí command, àwọn module tó kàn ń tẹ àṣẹ bí a ṣe kọ ọ́, pàdánù èyí. Àwọn méjèèjì ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti wà ní ṣíṣe. Wọ́n á ṣáà tún un ṣe, wọ́n á sì máa kọ changed títí, àfi tí a bá fi nǹkan bíi "creates" (tó ń ní kí wọ́n fo iṣẹ́ náà tí fáìlì kan bá ti wà) dá wọn lẹ́kun. Tí module tirẹ̀ bá wà fún iṣẹ́ kan, bíi apt tàbí service tí a lò lókè, òun ló yẹ ká lò.

Sáfà márùn-ún ni Ansible máa ń kọlù lẹ́ẹ̀kan náà bí a ò bá fi -f yí i padà. Fún playbook tuntun, ẹ fi --limit 192.168.1.20 há a mọ́ sáfà kan ná, kí ẹ sì fi --check --diff wo ohun tó máa yí padà kó tó yí i.