Gbígbé àìsàn lọ síbi iṣẹ́, àti ọwọ́ tí ọ̀gá ní nínú rẹ̀

Ká ní akọ̀wé owó kan nílé ìtajà kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, jí láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ korò. Ó mọ̀ pé ibà ni. Síbẹ̀ ó wọṣọ, ó wọ ọkọ̀ Micra, ó sì buwọ́ lùwé kí aago mẹ́jọ tó lù. Nínú ìwé wíwá-síṣẹ́, kò sí àbùkù kankan. Ṣùgbọ́n kó tó di ọ̀sán, ó ti fún oníbàárà méjì ní ṣéńjì tó pọ̀ jù, ó sì ti ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó ṣe yìí làwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ ń pè ní presenteeism lédè Gẹ̀ẹ́sì. Lédè wa, a lè pè é ní gbígbé àìsàn lọ síbi iṣẹ́: kí àìsàn èèyàn le débi tó yẹ kó dúró sílé, kó sì tún gbéra lọ ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí dókítà sì ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ tó bá agbára mu a máa ṣe irú wọn láǹfààní. Ẹni tí à ń wí ni ẹni tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò lè ṣiṣẹ́ lónìí, tí nǹkan kan níbi iṣẹ́ ò sì jẹ́ kó dúró sílé.

Ní ọdún 2000, Gunnar Aronsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní Sweden. Nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bi léèrè, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ló sọ pé láàárín ọdún kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì, àwọn lọ síṣẹ́ nígbà tó yẹ káwọn gba ìsinmi àìsàn. Àwọn tó ń tọ́jú èèyàn àtàwọn olùkọ́ wà lára àwọn tó ń ṣe é jù. Kò ṣòroó yé: bí wọn ò bá lọ, kò sẹ́ni tó máa bá wọn ṣe é, iṣẹ́ náà á kàn dúró dè wọ́n ni. Ní 2005, Mika Kivimäki àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní London. Láàárín àwọn ọkùnrin tí ara wọn ò dá, àrùn ọkàn tó le ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò gba ìsinmi àìsàn rárá ní ìlọ́po méjì ju àwọn tó gbà á níwọ̀nba lọ. Ohun tó ń pa èèyàn ni à ń sọ yìí.

A kọ́ wa láti kékeré pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. A kọ́ wa pẹ̀lú pé ìlera loògùn ọrọ̀. Níbi iṣẹ́ púpọ̀, ti àkọ́kọ́ nìkan là ń gbọ́, ẹnu ọ̀gá la sì ti ń gbọ́ ọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnì kan bá pe ọ̀gá pé ara òun ò yá, ìdáhùn ọ̀gá lọ́jọ́ náà di òfin. Bó bá ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni àìsàn ń ṣe ni?", ẹni tó pè kọ́ ló gbọ́ nìkan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ti gbọ́, kálukú sì ti pinnu lọ́kàn pé òun ò ní pè. Bó bá jẹ́ pé ṣe ló béèrè pé, "Ta ló lè dúró fún ẹ? Ìgbà wo lo rò pé wàá padà?", ìyẹn náà á tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Àwọn ọ̀gá tó jẹ́ èèyàn dáadáa náà máa ń ṣubú síbí. Karina Nielsen àti Kevin Daniels gbé ìwádìí kan jáde ní 2016 lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Denmark. Àwọn tó ti máa ń gbé àìsàn lọ síṣẹ́ ju ẹlẹgbẹ́ wọn lọ, tí ọ̀gá wọn sì jẹ́ ẹni tó ń mórí wọn yá láti ṣe kún tiwọn, ló wá ń pàdánù ọjọ́ púpọ̀ sí àìsàn nígbà tó yá. Ọ̀gá tó ń sọ pé "ẹbí kan ni wá níbí", tí òun fúnra rẹ̀ sì ń wúkọ́ wọ ọ́fíìsì, ti fi hàn wọ́n láìlanu bí ọmọ ẹbí rere ṣe ń ṣe. Nítorí náà, ó yẹ kí òun ni yóò kọ́kọ́ lọ sílé bí ara rẹ̀ ò bá yá.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 16, fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ lọ́dún bí àìsàn bá dá a dúró, tí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé ló wà fún. Àwọn alábòójútó àtàwọn amọṣẹ́dunjú ní láti wo ìwé ìgbanisíṣẹ́ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ni ìwé dókítà. Ẹni tí inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tó yẹ kó dùbúlẹ̀, a máa lọ tò sórí ìlà nílé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ láti àárọ̀ nítorí ìwé kan ṣoṣo. Lójú tiwa, kí ọ̀gá gba ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbọ́ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, kó sì béèrè ìwé láti ọjọ́ kẹta.

Owó tí ìsinmi àìsàn ń ná ọ̀gá kò tó bí a ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ₦70,000. Pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26, kò pé ₦2,700 lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ibà kò tó ₦8,100. Ṣéńjì àṣìṣe ọjọ́ kan péré lè ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ tí òṣìṣẹ́ máa pè kí aago méje tó lù. Kó sọ pé òun ò ní lè wá, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àti ìgbà tó rò pé òun á padà. Ẹ má bi í lórúkọ àìsàn rẹ̀, ẹ má sì gbé e sórí WhatsApp ibi iṣẹ́. Ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ tí kò lè dúró sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ẹnì kejì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí èyí ò bá sí, gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn ọ̀gá kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, torí aláìsàn mọ̀ pé òkìtì iṣẹ́ ń dúró de òun.

Ẹ má pe èèyàn padà kó tó yá. Oògùn ibà tí wọ́n ń lò jù, artemether-lumefantrine, ọjọ́ mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ara sábà máa ń fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá á pè, òṣìṣẹ́ á já oògùn sílẹ̀. Nílé oúnjẹ, ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tí ìgbẹ́ náà dúró. Ẹni tó lo Piriton nítorí ọ̀fìnkìn, kó má sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan, nítorí oorun.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbígbé àìsàn lọ síṣẹ́ wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ṣí ìwé wíwá-síṣẹ́ láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án. Bó bá jẹ́ pé nínú òṣìṣẹ́ 20, nínú òjò àti ẹ̀fọn Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó gba ọjọ́ àìsàn kan, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n pé: "Ìgbà wo ni ara rẹ ò yá kẹ́yìn, kí ló sì jẹ́ kí o wá?"