Ríìlì Ìwọ̀ àti Okùn Tó Ń Lọ́

Ẹ mú téèpù tí télọ̀ fi ń wọnṣọ, kí ẹ wé e mọ́ agolo mílíìkì lára títí yóò fi tán. Ẹ gbé agolo náà kalẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yí, kí ẹ wá fa téèpù náà jáde gba òkè. Bó ṣe ń jáde ló ń lọ́: yípo kan tó bá kúrò lára agolo di ìlọ́ kan lára téèpù. Ẹ tún un wé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fi ìka kan ti ìdí agolo, kí ẹ fi òmíràn ti orí rẹ̀, kó lè máa yí láàárín wọn, kí ẹlòmíì wá máa fa téèpù láti ẹ̀gbẹ́. Gbọọrọ ni yóò jáde, kò ní lọ́ rárá.

Ìyàtọ̀ yìí náà ló wà láàárín oríṣi méjì ríìlì, ẹ̀rọ kékeré ara ọ̀pá tó ń ká okùn ìwọ̀, tí ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja máa bá pàdé.

Èyí tó wọ́pọ̀ fún jíju ìwọ̀ láti etí omi, ì báà jẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé tàbí ní Aṣéjìre, ni irú tí wọ́n ń pè ní spinning. Àgbá kékeré tí okùn wà lára rẹ̀ kì í yí nígbà tí a bá ń ká okùn wọlé. Apá wáyà kan ló ń yí i po, tó ń wé okùn mọ́ ọn bí onídìrí ṣe ń wé òwú mọ́ irun. Tí wọ́n bá ju ìwọ̀, okùn á máa bọ́ láti ojú àgbá, bíi téèpù tí a fà gba òkè agolo. Bó ṣe ń wọlé, ó ń lọ́ sápá kan. Bó ṣe ń jáde, ó ń tú padà. Tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ láàárín wíwọlé àti jíjáde, gbèsè ìlọ́ kì í kù nílẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti máa di gbogbo ẹ̀bi ru ríìlì tàbí ẹni tó ta okùn. Ohun tí ọwọ́ apẹja ṣe láàárín méjèèjì ló máa ń dá gbèsè sílẹ̀.

Irú kejì ni inline. Àgbá tirẹ̀ ló ń yí, okùn ń wọlé ó sì ń jáde láti ẹ̀gbẹ́, kì í lọ́. Àwọn tó ń pẹja lórí yìnyín fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Yìnyín tí Ìbàdàn mọ̀ ò ju ti inú kúlà ẹlẹ́rìndòdò lọ, ṣùgbọ́n ní Kánádà, Finland, Rọ́ṣíà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, ojú adágún máa ń dì nígbà òtútù débi pé èèyàn á rìn lórí rẹ̀. Wọ́n á lu ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, wọ́n á jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90, wọ́n á sì sọ ìdẹ sísàlẹ̀ tààrà. Kò sí jíjù níbẹ̀. Fún àwọn ẹja kéékèèké, ìdẹ náà lè má ju gíráàmù kan tàbí méjì lọ, okùn rẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tó ń já ní kílò kan sí méjì.

Ìdẹ tó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu okùn tó ti lọ́ lórí spinning dà bíi korobá lẹ́nu okùn kànga. Okùn fẹ́ tú, ìdẹ ló sì wà ní ẹnu ibi tí kò sí ohun tó dì í mú. Á yí sọ́tùn-ún títí, á dúró díẹ̀, á tún yí padà sósì. Ẹja inú omi tútù kì í kánjú. Á sún mọ́ ọn, á dúró, á wò ó dáadáa. Kòkòrò wo ló ń pòòyì báyẹn nínú omi? Ẹja á pẹ̀yìn dà. Ẹni tó jókòó lókè ò rí nǹkan kan, á máa ní ẹja ò sí níbẹ̀.

Bí àgbá bá ṣe kéré tó ni ọ̀rọ̀ ṣe ń le tó. Àgbá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 máa ń gba yípo 10 ó lé díẹ̀ láti ká mítà okùn kan. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 gba 6 ó lé díẹ̀. Okùn ọ̀rá sì tún máa ń rántí ibi tó sùn sí: tó bá pẹ́ lára àgbá kékeré, bí sípíríǹgì ló máa ń jáde.

Nínú gbogbo ohun tó ń mú okùn lọ́ lórí spinning, èyí tó burú jù ni kí èèyàn máa yí ọwọ́ ríìlì nígbà tí ẹja ń fa okùn lọ. Ìjánu wà lára ríìlì, drag ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jẹ́ kí àgbá yọ̀ǹda okùn tí ẹja bá fà á ju bó ṣe yẹ lọ, kó má baà já. Tí ìjánu bá ń yọ̀ǹda tí ọwọ́ náà sì ń yí ríìlì, apá wáyà ń yí àgbá po lásán ni: okùn ò wọlé, ìlọ́ ló ń wọ inú okùn. Ríìlì tí wọ́n kọ 5.0:1 sí lára, tí ọwọ́ bá yí lẹ́ẹ̀kan, apá á yí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yí ọwọ́ náà nígbà 20 lẹ́yìn àrọ̀ ńlá tó ń sá lọ, ìlọ́ 100 ti wọlé nìyẹn. Tó bá jẹ́ mítà 20 okùn ló wà nínú omi, ìlọ́ 5 ló kan mítà kọ̀ọ̀kan, lórí ẹja kan ṣoṣo. Ariwo kẹrẹrẹrẹ tí ríìlì ń pa nígbà náà máa ń dùn létí bíi pé iṣẹ́ ń lọ. Tí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Tí ẹja bá sinmi, ẹ gbé ọ̀pá sókè díẹ̀díẹ̀ láti fà á súnmọ́, kí ẹ wá máa ká okùn bí ẹ ṣe ń sọ ọ̀pá kalẹ̀.

Ìjánu tó dẹ̀ jù náà ń fa irú wàhálà yìí. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ǹda. Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lè lo píọ̀ wọ́tà: ọ̀kan tó jẹ́ 50 cl wúwo tó ìdajì kílò. Fún okùn tó ń já ní kílò 4, ẹ kó píọ̀ wọ́tà méjì sínú nylon, ẹ so ó mọ́ ẹnu okùn, kí ẹ fi ọ̀pá gbé e nílẹ̀. Tó bá gbéra láìjẹ́ pé àgbá yọ̀ǹda rárá, ìjánu ti le jù. Tí àgbá bá ń tú okùn kí omi tiẹ̀ tó gbéra, ó dẹ̀ jù. Fún okùn kílò 2, ẹyọ kan ti tó.

Lílọ́ míì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kó okùn tuntun sí ríìlì. Ẹ gba okùn kọjá nínú òrùka ọ̀pá, ẹ so ó mọ́ àgbá, kí ẹ gbé rólù okùn náà kalẹ̀ pẹrẹsẹ, kí àkọlé rẹ̀ kọjú sókè. Ẹ fi ìka méjì fún okùn pinpin bó ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn yíyí ọwọ́ bíi 15, ẹ dúró, kí ẹ dẹ okùn sílẹ̀ láàárín ọ̀pá àti rólù. Tó bá ń wé mọ́ra, ẹ dojú rólù bolẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Ẹ̀gbẹ́ tí kò bá ti wé mọ́ra ni kí ẹ máa bá lọ. Ẹ dúró nígbà tó bá ku mílímítà 2 sí 3 sí etí àgbá. Èyí tó kún jù á máa já bọ́ fúnra rẹ̀. Ti inline yàtọ̀: bíírò ni kí ẹ kì bọ inú rólù kó lè máa yí. Ẹni tó bá gbé e kalẹ̀ pẹrẹsẹ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìlọ́ sínú ríìlì tí kì í lọ́ okùn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ju ìwọ̀, ẹ fi ọwọ́ pa apá wáyà dé, kí ẹ fa okùn kó le kí ẹ tó yí ohunkóhun. Tó bá jẹ́ yíyí ọwọ́ ríìlì ló pa á dé, yípo àkọ́kọ́ lè sùn gbẹ̀ẹ́rẹ́ lórí àgbá, nígbà tí ẹ bá sì tún jù ú, òun ló máa fa àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yọ ní ṣùùrù bí irun àgbàdo. Róólà kékeré tí okùn ń gbà kọjá lára apá wáyà náà gbọ́dọ̀ máa yí. Tó bá ti gan, ìkán epo ẹ̀rọ ìránṣọ kan ti tó.

Fún ìdẹ tó ń yí bí fáànù nínú omi, swivel, irin kékeré tó lè yí láìyí okùn, ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi í sáàárín okùn gígùn àti okùn kúkúrú tó so mọ́ ìdẹ, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60 lọ. Èyí tó ní bọ́ọ̀lù nínú sàn ju olówó pọ́ọ́kú lọ, nítorí olówó pọ́ọ́kú kì í yí dáadáa tí nǹkan tó wúwo bá ń fà á. Síbẹ̀, swivel kò lè wo ìlọ́ tí ọwọ́ ríìlì ń kó wọlé sàn tán, pàápàá lórí okùn tín-ín-rín tí kò lágbára láti yí i.

Èwo ni kéèyàn rà, nígbà náà? Ẹni tó ń ju ìwọ̀ láti etí omi kò gbọ́dọ̀ ra inline. A kì í fi í ju nǹkan jìnnà, ó sì máa ń lọ́ra láti ká okùn. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, tó ń sọ ìdẹ sísàlẹ̀ tààrà fún epìyà tàbí ọ̀bọ̀kún, máa gbádùn rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ so ìdẹ tó fúyẹ́ jù lọ tí ẹ máa lò mọ́ ọn, kí ẹ tú àgbá sílẹ̀. Tí ìdẹ ò bá lè fa okùn sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ríìlì yẹn ò wúlò fún yín. Ti tòkunbọ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí yìnyín, ẹ tú u wò. Gírísì máa ń le nínú òtútù, nítorí náà àwọn kan máa ń fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á fi epo fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Nínú ooru wa, ẹ dá gírísì padà sí eyín inú rẹ̀ kó má baà jẹra.

Okùn tó ti lọ́ ṣì ṣeé tú. Nínú ọkọ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ gé ìwọ̀ àti òjé kúrò, kí ẹ jẹ́ kí mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ máa wọ́ tẹ̀lé ọkọ̀ nínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹnu okùn tó ṣófo á máa yí títí á fi tú. Ẹni tí kò lọ́kọ̀ lè wọ́ ọ lórí koríko pápá bọ́ọ̀lù, tàbí kó so òjé mọ́ ọn kó sọ ọ́ sílẹ̀ láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó dúró títí òjé ò fi yí mọ́. Ibi tó bá ti ṣẹ́, tó funfun bí ẹni pé wọ́n fi eyín gé e jẹ, kì í tú mọ́. Ẹ gé e kúrò títí dé ibi tó dán, kí ẹ ká èyí tí ẹ gé mọ́ra lọ sílé, torí ọ̀rá tó bá kù létí omi, ẹsẹ̀ ẹyẹ ni yóò kọ́kọ́ há sí i.