Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí owó ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí

Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí owó ìtanràn ìgbọ́kọ̀sí ni ìgbésẹ̀ tí onímọ́tò máa ń gbé láti ta ko tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nílé, nígbà tó bá gbà pé kò tọ́ sí òun. Ìpele méjì ló sábà máa ń ní. Onímọ́tò á kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì. Bí onítọ̀hún bá kọ̀ jálẹ̀, ọ̀rọ̀ á dé iwájú olùgbẹ́jọ́ tí kò sí lábẹ́ ẹni tó fẹ́ gba owó náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales wà lára ibi tí ìdájọ́ tó wà lákọsílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀, òfin ibẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí sì gbára lé jù.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ri ẹ̀rọ tó ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí mọ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1935. Sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń gbà fún wákàtí kan. Awuyewuye kò pẹ́ tẹ̀ lé e. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nítàn pé pásítọ̀ kan wà lára àwọn tí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀, pé ó ní ṣọ́ọ̀bù lòun yà sí láti lọ ṣẹ́ owó, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé àwíjàre “mo lọ ṣẹ́ owó” àti ẹ̀rọ náà jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni.

Ọdún 1958 ni ẹ̀rọ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni kéèyàn gbé ọkọ̀ síbi tí kò yẹ: ọlọ́pàá ló ń mú ẹni tó bá rú òfin, ilé-ẹjọ́ májísíréètì ló sì ń gbọ́ ọ. Òfin ìrìnnà ọdún 1991 ló ṣílẹ̀kùn láti fa iṣẹ́ náà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, òfin ọdún 2004 sì tún ètò náà tò. Níbi tí ètò tuntun yìí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, gbèsè lásán ni tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, kò sí orúkọ ọ̀daràn níbẹ̀ mọ́. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó ìtanràn náà ló tún ń kọ́kọ́ gbé ẹ̀sùn onímọ́tò yẹ̀ wò, èyí ló mú kí olùgbẹ́jọ́ òmìnira ṣe kókó. Ní ọdún 2013, ilé-ẹjọ́ gíga dá ìjọba ìbílẹ̀ Barnet ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́bi nítorí pé ó gbé owó ìwé àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí àwọn ará àdúgbò láti pọ́n-ùn 40 sí 100 kó lè fi èrè rẹ̀ ṣe àwọn iṣẹ́ ọ̀nà mìíràn. Adájọ́ ní òfin ìgbọ́kọ̀sí kì í ṣe òfin owó-orí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀

Ọjọ́ 28 ni onímọ́tò ní láti san owó náà. Bó bá san án láàárín ọjọ́ 14, ìdajì ni yóò san. Ẹni tó bá ti sanwó ti pa ẹjọ́ rẹ̀ dé, nítorí náà ẹni tó fẹ́ jà kì í kọ́kọ́ san án. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa ń dá àǹfààní ìdajì owó padà fún ẹni tó bá tètè kọ̀wé láàárín ọjọ́ 14 náà, kódà bí wọn kò bá gba àwíjàre rẹ̀.

Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ kò bá so èso, ìwé mìíràn á wá sí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, onítọ̀hún ní ọjọ́ 28 láti kọ ẹ̀sùn rẹ̀ ní ìlànà òfin. Ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 56. Bí wọn kò bá fèsì títí ọjọ́ náà fi kọjá, òfin kà á sí pé wọ́n ti gbà fún onímọ́tò. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 28 mìíràn wà láti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́: London Tribunals fún Lọ́ńdọ̀nù, Traffic Penalty Tribunal fún ìyókù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá dákẹ́ ní tirẹ̀ á rí i pé owó náà fi ìdajì lé sí i, lẹ́yìn èyí àwọn agbowó-gbèsè lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ìdí tí olùgbẹ́jọ́ lè fi fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú òfin: pé ohun tí wọ́n ní ó ṣe kò ṣẹlẹ̀, pé owó náà ju iye tó yẹ, pé olè ló gbé ọkọ̀, pé ẹlòmíràn ló ni ín, pé àṣẹ tó de ojú pópó náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, tàbí pé ìjọba ìbílẹ̀ kò tẹ̀ lé ìlànà. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí lágbára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ní àṣìkọ tàbí lẹ́tà tó pẹ́ jù lè dá ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀. Àánú kò sí lára àwọn ìdí náà. Bí àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ ló fà á, ohun tí olùgbẹ́jọ́ lè ṣe ni pé kó dá ọ̀rọ̀ padà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, kó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn láti fojú fò ó. Láti ọdún 2015, ẹni tó sanwó, tó wá fi ìṣẹ́jú tí kò ju 10 lọ pẹ́ ju àkókò rẹ̀ lọ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò jẹ gbèsè kankan.

Tíkẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ aládàáni

Lẹ́tà mẹ́ta kan náà, PCN (Penalty Charge Notice, ìwé owó ìtanràn, ni ti ìjọba ìbílẹ̀; Parking Charge Notice, ìwé owó ìgbọ́kọ̀sí, ni ti aládàáni), ló máa ń wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ aládàáni àti ti ìjọba ìbílẹ̀, àwọ̀ wọn sì máa ń jọra, àmọ́ òfin wọn kò jọra rárá. Ilé-iṣẹ́ aládàáni kò lágbára láti bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé onímọ́tò bá òun ṣe àdéhùn nígbà tó wọlé, pátákó tó wà níbẹ̀ ló gbé àdéhùn náà kalẹ̀, ó sì ti yẹ àdéhùn. Orí pátákó yìí ni ẹjọ́ ọ̀hún máa ń dúró lé.

Nínú ẹjọ́ Thornton àti Shoe Lane Parking, tó jáde nínú ìwé àkójọ ẹjọ́ ọdún 1971, ọkùnrin kan farapa nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí kan, àwọn onílé sì ní tíkẹ́ẹ̀tì tó gbà lẹ́nu ẹ̀rọ ti sọ pé ẹrù kò sí lọ́rùn àwọn. Ilé-ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù: nígbà tí ẹ̀rọ pọ tíkẹ́ẹ̀tì síta, àdéhùn ti wáyé ná, kò sì sí bó ṣe lè bá ẹ̀rọ jiyàn. Ní ọdún 2000, ẹjọ́ Vine àti Waltham Forest tún fi kún un. Àìsàn ká obìnrin kan mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó yà síbi ìgbọ́kọ̀sí aládàáni, ó padà dé, ó bá irin ní táyà ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ mìíràn ló ti dúró bo pátákó ìkìlọ̀ náà. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní ẹni tí kò rí pátákó kò lè ti fọwọ́ sí ohun tó wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, òfin fòpin sí fífi irin de táyà lórí ilẹ̀ aládàáni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales.

Òfin kan náà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìpààrọ̀. Bí wọn kò bá mọ awakọ̀, wọ́n lè béèrè owó náà lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀, bí wọ́n bá tẹ̀ lé gbèdéke òfin. Níbi tí kámẹ́rà nìkan ti ya nọ́ńbà ọkọ̀, tí wọn kò lẹ nǹkan kan mọ́ gíláàsì, lẹ́tà gbọ́dọ̀ dé láàárín ọjọ́ 14. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ òfin fi máa ń kọ̀wé gẹ́gẹ́ bí oní-ìwé ọkọ̀, láìsọ ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Apá òfin yìí kò dé Scotland.

Ìdájọ́ tó gbajúmọ̀ jù ni ti ParkingEye, ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń bójú tó ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti Beavis. Barry Beavis gbé ọkọ̀ sí ọgbà ìtajà kan ní Chelmsford ní ọdún 2013, níbi tí wákàtí méjì jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì fi ìṣẹ́jú 56 kọjá. Pọ́n-ùn 85 ni wọ́n ní kó san. Òfin àtijọ́, tó ti wà láti ọdún 1915, kórìíra owó ìyà nínú àdéhùn: iye tí ẹni tí wọ́n yẹ àdéhùn lọ́dọ̀ rẹ̀ pàdánù ló lè gbà. Beavis ní ParkingEye kò pàdánù kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 2015, mẹ́fà nínú adájọ́ méje ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà ní ìdí gidi láti rí i pé ọkọ̀ kò jókòó pẹ́ jù, pé pọ́n-ùn 85 kò burú, pé pátákó bí 20 ló sì wà níbẹ̀ tó hàn gbangba. Lord Toulson nìkan ló yà kúrò lára wọn. Àwíjàre “wọn kò pàdánù nǹkan kan” fẹ́rẹ̀ẹ́ kú ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀ ìdájọ́ ọ̀hún ṣí ọ̀nà mìíràn sílẹ̀, nítorí níbi tí pátákó kò bá hàn, tàbí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, onímọ́tò lè fi í hàn pé ọ̀rọ̀ tòun yàtọ̀ sí ti Beavis.

Ilé-iṣẹ́ ni ènìyàn ń kọ́kọ́ kọ̀wé sí, lẹ́yìn náà POPLA tàbí IAS, àwọn olùgbẹ́jọ́ méjì tó wà fún tíkẹ́ẹ̀tì aládàáni, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà wà. Ìdájọ́ POPLA de ilé-iṣẹ́, kò de onímọ́tò; ó ṣì lè dúró de ilé-ẹjọ́.

Ẹ̀rí

Fọ́tò ojú ibẹ̀ àti rìsíìtì ló máa ń wúlò jù, pàápàá fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà gan-an, níbi tí awakọ̀ ti máa wo pátákó látinú ọkọ̀. Ó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà: ó lè ka ìwọlé àárọ̀ àti ìjáde ìrọ̀lẹ́ pọ̀ bí ẹni pé ọkọ̀ kò kúrò níbẹ̀, àkókò tó sì kọ sílẹ̀ ní ìgbà tí awakọ̀ ń wá àyè nínú. Ẹni tó tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rọ ní àṣìtẹ̀ lè fi rìsíìtì hàn pé òun sanwó.

Ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn

Ní Jámánì, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ènìyàn ní láti ta ko ìwé ìtanràn. Bí wọn kò bá sì rí awakọ̀ mọ̀, wọ́n lè bu owó iṣẹ́ ìwádìí lé ẹni tó ni ọkọ̀. Ní New York, ọjọ́ 30 ni. Ilẹ̀ Faransé yọ ìgbọ́kọ̀sí kúrò lára ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ní ọdún 2018, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí onímọ́tò kọ́kọ́ san owó náà kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ìpilẹ̀ ilẹ̀ náà wọ́gi lé àṣẹ yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020.

Ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀kì ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà kí wọ́n lè mọ ọkọ̀ tó ti pẹ́ jù. Ní ọdún 2019, obìnrin kan tó ti gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà ní Saginaw, ìpínlẹ̀ Michigan, jàre níwájú ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ìjọba àpapọ̀, tó gbà pé àmì náà jẹ́ yíyẹ ohun ìní ẹni wò, èyí tí òfin ìpilẹ̀ kò fàyè gbà láìnídìí. Ní ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ irú rẹ̀ kan tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà sọ pé kò sóhun tó burú nínú rẹ̀ ní San Diego.