Ọmú ọmọ ló ka oṣù 24 yẹn: ibi tí ilé ìgbà díẹ̀ fún ìyá ọ̀dọ́ ti ṣẹ̀

Mo lọ síbi sẹ́mínà kan ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin níbí, obìnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù síwájú, ó ní àwọn òyìnbó ti dá ilé kan sílẹ̀ tí ọmọbìnrin tó bímọ tí ò níbi tó máa sùn á ti gba yàrá, tòun tọmọ ẹ̀, fún oṣù 24, wọ́n á bá a wá iṣẹ́, wọ́n á bá a tọ́jú owó díẹ̀ díẹ̀, tó bá yá á kó lọ sílé ara ẹ̀. Ilé ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ o, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, torí inú irú ilé yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Òkèlele níbí, kò sì sẹ́ni tó fi láptọ́ọ̀pù ṣàlàyé ẹ̀ fún ìyá ìyá mi.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ ìlú wa, ẹ má bínú. Ìlọ-irin ni. Òkúta tí àwọn ọdẹ fi ń lọ irin wà ní Ìdí-Àpẹ, Òjó ọdẹ ni wọ́n sì máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ lò ó. Àwọn tó ń sọ pé ìlú erin ni, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, erin wo? Ẹni tí àdá ẹ̀ bá ti kújú á yà síbẹ̀, á lọ̀ ọ́, á mu omi, á sinmi, á tún gbọ̀nà. Kí wá ni ilé ìgbà díẹ̀ tí kì í bá ṣe ìyẹn? O dé, o pọ́n ohun tó kújú lọ́wọ́ ẹ, o lọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní mo ti ń fà á jù. Ẹ jẹ́ n fà á.

Nígbà tí ò tíì sí ìjọba tó ń jẹ́ ìjọba, agbo ilé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Obìnrin tí ilé ọkọ ò gbà mọ́ á padà sílé bàbá ẹ̀, dálémoṣú ni wọ́n ń pè é, ẹ ò rí bí ilé ṣe jókòó sáàárín orúkọ yẹn. Wọ́n lè máa fi orúkọ náà bú u, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan á wà fún un. Èyí tí ò wá ní bàbá ńkọ́, tàbí tí bàbá ti lé e torí oyún? Ibi tí mo gbà pé ọgbọ́n yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Á lọ bá ìyá kan nínú agbo ilé míì, ọ̀rẹ́ ìyá ẹ̀, oníbàárà ìyá ẹ̀, ẹni tó kàn ń kí lọ́jà lásán. Ìyá yẹn ò ní dá a gbà o, wọ́n á lọ sọ fún Màgàjí, olórí agbo ilé, kí wọ́n tó tú ẹrù, torí bí ọkùnrin kan bá wá a wá lóru, gbogbo ilé ni á jọ dáhùn. Ẹ wá lọ wo àwọn ilé òyìnbó yẹn lónìí, àlejò ò gbọdọ̀ wọlé lálẹ́, ẹnì kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà. Màgàjí kọ́ nìyẹn?

Ìgbà tí Àlímì, àfáà Fúlàní yẹn, àtàwọn àfáà ẹgbẹ́ ẹ̀ wá dé, ó ti ju 200 ọdún lọ, wọ́n bá nǹkan nílẹ̀, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ ìwé tì í lẹ́yìn. Ẹ ṣí Suratu Talaq, ẹsẹ̀ 6. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí obìnrin tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ máa gbé níbi tí àwọn náà ń gbé, bí agbára wọn bá ṣe mọ, tó bá lóyún kí wọ́n máa náwó lé e lórí títí á fi bí, tó bá sì ń fún ọmọ lọ́mú kí wọ́n sanwó ẹ̀ fún un. Yàrá wà níbẹ̀, owó oúnjẹ wà níbẹ̀, owó iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá ṣí Suratul Baqarah, ẹsẹ̀ 233, àwọn ìyá á fún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, fún ẹni tó bá fẹ́ pé e. Ọdún méjì! Oṣù mélòó nìyẹn? 24. Nígbà tí obìnrin sẹ́mínà yẹn ní oṣù 24, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró. Inú ètò ilé ìgbà díẹ̀ tó tinú òfin Amẹ́ríkà fún àwọn tí ò nílé jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní McKinney, ti ọdún 1987, ni 24 yẹn ti wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ní ó kàn ṣe kòńgẹ́, ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọmọ ló ka oṣù yẹn. Kó tó di pé ọmọ rìn, kó tó di pé wọ́n já a lẹ́nu ọmú, ìyá ò lè gbé e jù sílẹ̀ lọ ṣòwò ọ̀nà jíjìn, ọgbọ́n yẹn ò sì nílò àṣòfin.

Èmi fojú ara mi rí èyí tí mò ń sọ. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ nílé wa, ìkòkò Dada tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Òkèlele. Ọmọge kan dé lálẹ́ ọjọ́ kan, oyún ti yọ dáadáa, báàgì ìrẹsì ló kó aṣọ ẹ̀ sí. Ìyá ìyá mi bú u fún bíi wákàtí kan, kò purọ́ fún un rárá, ó ní ojú ẹ̀ máa rí nǹkan. Ó bú u tán, ó bu tùwó fún un. Yàrá ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó igi sí ni wọ́n fún un. Ọmọ dé, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ní ìdájí láìlu ìlù, omi gbígbóná ni ìyá ìyá mi fi ń jó ìdí ìyá ọmọ láràárọ̀ títí ogójì ọjọ́ fi pé, igbe ẹ̀ ló ń jí wa lọ sílé kéú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, amọ̀ yá. Ó á dojú ògbólógbòó ìkòkò dé, á tẹ́ amọ̀ lé e nídìí, á máa lù ú kó fẹ̀ kiri, ọmọ lẹ́yìn ẹ̀ á máa jó sí i. Ìkòkò mẹ́ta ti Ìyá, ẹ̀kẹrin tiẹ̀. Owó ẹ̀kẹrin yẹn, kì í rí i, inú àjọ ni Ìyá ń dá a sí. Àwa ọmọdé ń pè é ní Àǹtí Alámọ̀. Tí wọ́n bá sun ìkòkò tán tó ṣì pọ́n yòò, omi èèpo igbá, igi tí wọ́n ti ń ṣe irú, ni wọ́n ń wọ́n sí i kó fi dúdú, ariwo tó máa ń ṣe yẹn, ṣàààà, ọmọ ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ọmọ yẹn já ọmú tán, Ìyá kó owó àjọ lé e lọ́wọ́.

Àwọn Gàmbàrí wa á ní àwọn ló ni í, torí ọmọ tó bá lóyún àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ Haúsá a máa padà sílé àwọn òbí ẹ̀ lọ bímọ. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ti ẹni tó ní ọkọ tó tún ní bàbá nìyẹn, ẹni tí ò ní ìkankan là ń sọ. Àwọn kan á tún dárúkọ Mary Slessor tó dé Kàlàbá ní 1876 tó ń gba ìbejì àtàwọn ìyá wọn sílé. Ó ṣe é, Ọlọ́run á san án fún un, ó pẹ́ kó tó dé ni.

Ti òyìnbó gan-an wá, ẹ gbọ́ ọ. London ni wọ́n máa ń tọ́ka sí, ilé Thomas Coram, 1739, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni ìyá ti ń fi ọmọ sílẹ̀, tó bá ṣoríire wọ́n á gé aṣọ díẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ kó lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ṣé ilé ìyá nìyẹn? Ti Charles Crittenton ní New York, 1883, ló jọ tiwa díẹ̀, oníṣòwò oògùn ni, ọmọ ẹ̀ Florence kú lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó wá fi orúkọ ọmọ náà ṣílé fún àwọn obìnrin alẹ́, nígbà tó yá àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìlọ́kọ pọ̀ níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí ìyá má fi ọmọ ẹ̀ sílẹ̀. Ogun àgbáyé kejì parí, wọ́n yí i padà, ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń fa ọmọ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Kí wọ́n má fi yẹn wé ti Òkèlele fún mi.

Tòde òní ò gùn. 1974 Amẹ́ríkà ṣòfin fún ọ̀dọ́ tó sá nílé, 1987 McKinney, 1988 wọ́n fi ilé ìgbà díẹ̀ kún ti ọ̀dọ́, oṣù 18 ni wọ́n fún wọn níbẹ̀ (ẹ rí i pé àwọn yẹn ò bi ọmú léèrè), 2003 wọ́n dárúkọ ilé àwọn ìyá ọ̀dọ́ gan-an sínú òfin, ọdún 2003 yẹn náà ni Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, látìgbà yẹn ẹn-jí-ò àti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ti ń gbìyànjú. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà tún ti sọ pé kí wọ́n kúkú tètè fún èèyàn nílé ara ẹ̀ kó yéé gbé ilé ìgbà díẹ̀. Àwọn ló mọ̀.

Wọ́n pín fóòmù fún wa kí sẹ́mínà tó parí. Ọmọbìnrin tó bá fẹ́ wọ irú ilé náà á mú onídùúró méjì wá, tí wọ́n níṣẹ́ ìjọba. Mo bi obìnrin yẹn pé ẹni tí bàbá ẹ̀ lé, níbo ló ti máa rí onídùúró oníṣẹ́ ìjọba méjì lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Ó ní kí n kọ ìbéèrè mi sílẹ̀.

Yàrá Àǹtí Alámọ̀ ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi rẹ́ǹtì fún ọmọkùnrin kan tó ń ṣe POS, ó kun iwájú ẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ògiri ẹ̀yìn ò tíì kùn, èéfín tó wà níbẹ̀ ò kúrò, àpá ìka ọmọ kékeré kan sì wà nínú amọ̀ tí wọ́n fi dí ihò ògiri náà, márààrún.