Kò Dìgbà Tí Ara Bá Rọ̀ Kí Ènìyàn Tó Bẹ̀rẹ̀ Yóga

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí a bá dárúkọ yóga, eré ìnara àti èémí tí ó ti Íńdíà wá, láàárín àwọn àgbà, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé eegun àwọn ti gbó jù fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún 25 pàápàá a máa sọ ohun tí ó jọ ọ́, wọ́n á ní ara àwọn ti gan láti ìgbà èwe, àwọn kò sì fẹ́ lọ dá ara àwọn léegun. Ìgbàgbọ́ òdì tí mo fẹ́ tú wò níhìn-ín nìyẹn: pé ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì kéré lọ́jọ́ orí ni ó ni yóga, àti pé ẹni tí kò bá lè bẹ̀rẹ̀ kí ó fi ọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí ó ń wá níbẹ̀.

Ibi tí èrò yìí ti wá kò ṣòro láti mọ̀. Fídíò tí ó ń wọ orí fóònù wa ni ti ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó gbé ẹsẹ̀ kọ́ ọrùn, tàbí ti ọkùnrin tí ó ń fi orí dúró ní etí òkun, nítorí pé irú rẹ̀ ni ó ń fa ojú mọ́ra. Kò sí ẹni tí yóò jókòó wo fídíò ìyá àgbà tí ó wà lórí àga, tí ó ń gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀, tí ó sì ń mí kanlẹ̀, bẹ́ẹ̀ yóga ni ìyẹn náà ń ṣe. Ẹni tí kò bá tíì rí nǹkan mìíràn ju àwọn fídíò wọ̀nyí lọ yóò ka yóga mọ́ òkìtì títa, èmi kò sì lè dá a lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n bí a bá lọ sí ìdí ọ̀rọ̀ náà ní Íńdíà, ibi tí yóga ti ṣẹ̀, ohun mìíràn ni a óò bá níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ kan wà tí wọ́n sọ pé ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Patanjali ni ó kó o jọ, tí àwọn olùkọ́ yóga sì kà sí ìpìlẹ̀. Àwọn gbólóhùn kúkúrú inú rẹ̀ sún mọ́ 200, síbẹ̀ mẹ́ta péré ni ó dá lórí bí a ṣe ń gbé ara kalẹ̀, èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì béèrè kò ju pé kí ìjókòó ènìyàn fìdí múlẹ̀, kí ó sì tu ara, láìsí ìfipá-ṣe. Ìyókù dá lórí ìwà, èémí, àti bí a ṣe ń kó ọkàn níjàánu. Púpọ̀ nínú àwọn ìdúró, ìbẹ̀rẹ̀ àti ìlọ́ra tí ayé ń pè ní yóga lónìí gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tirumalai Krishnamacharya kọjá, ẹni tí ó kọ́ni ní ààfin ọba Mysore, ní Íńdíà, láàárín àwọn ọdún 1930.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́ níbẹ̀ ni arákùnrin ìyàwó rẹ̀, B. K. S. Iyengar, ìtàn ọkùnrin yìí nìkan sì tó láti já irọ́ ìgbàgbọ́ òdì yẹn. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i, nígbà tí àrùn lùkúlùkú ń pa ènìyàn káàkiri ayé, ìyá rẹ̀ sì wà nínú àìsàn náà nígbà tí ó bí i. Ibà, tífọ́ọ̀dù àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó fi ìgbà èwe rẹ̀ bá jà, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó dé Mysore ní ọmọ ọdún 15 tàbí 16, ó gbẹ, kò lágbára, ara rẹ̀ sì le gan-an. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ síwájú, orúnkún ni ọwọ́ rẹ̀ ń dé mọ. Ọmọ yìí kan náà ni ó di ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ yóga tí òkìkí wọn kàn jù lọ, tí ó ń ṣe yóga títí ó fi lé ní ọmọ 90 ọdún, kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2014. Bẹ́líìtì, pákó tí a gé bíi bíríkì, okùn, àga àti ìrọ̀rí ni ó kó wọ inú iṣẹ́ náà kí ara tí kò lè dé ibi kan lè rí ohun tí yóò gbé e débẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ àwọn tí ara wọn ti rọ̀ kọ́ ni ìrònú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí lọ́kàn.

Kí ni ó wá ń mú kí ara le? Ọ̀pọ̀ rò pé iṣan àwọn ti kúrú pátápátá, àti pé bí a bá nà án yóò já. Ní tòótọ́, ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà. Nínú ẹran ara wa ni àwọn ohun tíntìntín kan wà tí ń ríran fún ara, tí wọ́n ń mọ̀ bí a bá ti ń na iṣan. Bí ìnà náà bá ṣe òjijì, wọn yóò ránṣẹ́ sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì pàṣẹ pé kí iṣan náà sún kì kí ó má baà fara pa. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ó bá ń fi agbára ta ara rẹ̀ síwájú-sẹ́yìn láti fọwọ́ kan ilẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá rọra nà, tí a dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí èémí sì ń lọ geere, ìṣọ́ náà yóò dẹ̀. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí ó ń yí padà jù lọ ni ìwọ̀n ìnà tí ara gbà láìbẹ̀rù. Gígùn iṣan fúnra rẹ̀ kò tíì yí padà tó bẹ́ẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ara rírọ̀ tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí ó ṣíwájú jẹ́ ohun tí ń tẹ̀yìn wá.

Ọ̀rọ̀ ìpele wá kù, ìyẹn bí ẹni tuntun àti ẹni tí ó ti pẹ́ ṣe lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Ìdọ̀bálẹ̀ ni ó lè là á yé wa jù lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó wọ ààfin Ṣọ̀ún yóò nà gbalaja; bàbá àgbà tí orúnkún ń dùn yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé bàbá náà kò kí ọba. Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ṣe rí nínú yóga. Ẹ gbé àga kan ti ògiri kí ó má baà yọ̀. Ẹ kọjú sí i, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra ní ìwọ̀n ìbàdí, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀. Láti ìbàdí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yìn má ṣe hu ìké, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìjókòó àga náà. Ẹ mí wọlé, ẹ mí jáde, nígbà márùn-ún, kí ẹ tó rọra dìde. Ẹni tí ó ti pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ yóò fi pákó rọ́pò àga. Ẹni tí ó ti gòkè yóò gbé ọwọ́ lé ilẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, ibi tí ara kálukú wọn sì ti ń nà ni èrè rẹ̀ wà. Ohun tí mo máa ń fi mọ ẹni tí ó ti gòkè ni pé èémí rẹ̀ kì í já, ó sì mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró sí.

Èrè náà kò kéré. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ American College of Physicians ka yóga mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lò fún ẹ̀yìn dídùn tí ó ti pẹ́, kí a tó ronú kan oògùn. Ní ọdún yẹn kan náà ni èsì ìwádìí kan jáde láti Boston, lórí ènìyàn 320 tí ẹ̀yìn ń dùn, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ẹni tí owó tí ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kíláàsì yóga kò gbẹ́yìn ìtọ́jú tí àwọn físíò, ìyẹn àwọn tí ń fi eré ìnara tọ́jú ara dídùn, ń fúnni. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn ni wọ́n dán an wò lára wọn, kì í ṣe àwọn eléré òkìtì. Obìnrin tí ó ń fi ojúmọ́ jókòó lórí àpótí nínú ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tákíé, àti ọlọ́kadà tí ìjókòó ọ̀kadà ti mú ìbàdí rẹ̀ gan, ni irú èsì yìí ń bá wí.

Ní ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò dé bá, èémí ni kí ó kọ́kọ́ mú. Ẹni tí ó ti dàgbà, tí ó sì jókòó jẹ́ẹ́, a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù sí nǹkan bí ìgbà mẹ́fà, tí ìmí àjáde sì gùn ju ti àkówọlé lọ, iṣan ìmọ̀lára tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn yóò mú kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀, ara yóò sì rọlẹ̀. Orí àga nínú yàrá ni a ti lè ṣe èyí, kò sì kan rírọ̀ ara rárá. Ní ti àwọn arúgbó, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ẹni tí ó ti pé ọdún 65 máa ṣe eré ìmárale tí ń kọ́ ara láti dúró ṣinṣin, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n má baà máa ṣubú. Kí ènìyàn fi ọwọ́ kan ògiri, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, wà lára rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ìlú tí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn Onítẹ̀bọmi wà, tí mọ́sáláṣí sì pọ̀, yóò béèrè bóyá ẹ̀sìn àjèjì kọ́ ni èyí. Òtítọ́ ni pé inú ẹ̀sìn Íńdíà ni ó ti jáde, ẹni tí kò bá sì fẹ́ orin tàbí àdúrà wọn lè fi í sílẹ̀ kí ó mú ìnara àti èémí nìkan. Ó yẹ kí a fi kún un pé yóga kì í wo ìtọ̀ ṣúgà sàn, kò sì lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá ta irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín fẹ́ gba owó ni.

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn tí ara wọn rọ̀ jù gan-an ni olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń ṣọ́ jù. Oríkèé tí ó ń lọ kọjá ààlà kì í tètè kìlọ̀ fún ẹni tí ó ni ín, ó sì lè yẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Irú wọn nílò kí iṣan lágbára ju kí ó tún máa gùn sí i lọ. Àwọn mìíràn tí ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra ni aláboyún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì wálẹ̀, àti ẹni tí ó ní àìsàn ojú tí à ń pè ní glaucoma, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Fífi orí sísàlẹ̀ máa ń mú kí ohun tí ń ti ojú láti inú lágbára sí i, nítorí náà kí ẹni tí kò bá tíì yẹ ojú rẹ̀ wò láti ìgbà pípẹ́ lọ rí dókítà ojú kí ó tó dán ìfoórídúró wò. Ìrora tí ó mú ṣáṣá nínú oríkèé yàtọ̀ sí ìnà tí a ń mọ̀ lára nínú iṣan: bí ó bá ti yọjú, ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Bí olùkọ́ kan bá sì fẹ́ gun yín lẹ́yìn kí ọwọ́ yín lè kanlẹ̀, ẹ sọ fún un kí ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára yín.