Ilé rent stabilized ní New York: bí owó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde

Tẹ́ ẹ bá rí ilé onífúláàtì mẹ́jọ kan tí wọ́n ń tà ní Bronx tàbí Brooklyn, tówó ẹ̀ wálẹ̀ gan-an ju tàwọn ilé tó yí i ká lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá rent stabilized làwọn fúláàtì inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin ló ń díwọ̀n owó ilé, ìyẹn owó tí ayálégbé ń san, láńlọ́ọ̀dù kọ́ ló máa sọ iye tó máa jẹ́. Ẹni tó bá rà á máa bá àwọn ayálégbé níbẹ̀, á bá àgírímẹ́ǹtì wọn níbẹ̀, á tún bá gbogbo ohun tí láńlọ́ọ̀dù àtijọ́ ti ṣe níbẹ̀, ì báà ṣe dáadáa ì báà ṣe burúkú.

Òfin yìí ti wà láti 1969, wọ́n tún fẹ̀ ẹ́ ní 1974. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1974, tí fúláàtì ẹ̀ sì tó mẹ́fà sókè, ló sábà máa ń mú, fúláàtì bíi mílíọ̀nù kan ló sì wà lábẹ́ ẹ̀. Onífúláàtì mẹ́rin tàbí márùn-ún sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àmọ́ ilé kéékèèké méjì tó fara kanra, tó jẹ́ tẹnì kan náà, tí wọ́n jọ ń lo bọ́ílà kan (ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná) àti páìpù kan, wọ́n lè kà wọ́n pọ̀ bí ilé kan, ibẹ̀ lẹlòmíì ti ń kó sí wàhálà.

Rent Guidelines Board ló ń sọ iye tí wọ́n lè fi kún owó ilé. Ẹni mẹ́sàn-án ni wọ́n, mayor ló ń yàn wọ́n, méjì fún ayálégbé, méjì fún láńlọ́ọ̀dù, márùn-ún tó kù fún aráàlú, ọdọọdún ni wọ́n sì ń dìbò. Fún àgírímẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ láti October 2025, 3% ni wọ́n fọwọ́ sí fún ọdún kan, 4.5% fún ọdún méjì, ayálégbé ló máa mú èyí tó wù ú. Ní 2015 àti 2016, òdo ni wọ́n fọwọ́ sí fún ọdún kan. Zohran Mamdani tó wọlé ìbò mayor ní 2025, ó ṣèlérí pé òun ò ní jẹ́ kówó ilé yìí lọ sókè, torí náà ẹ má fi 3% ọdọọdún ṣírò bíi pé ó dájú.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Fúláàtì mẹ́jọ, $1,200 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, $115,200 lọ́dún nìyẹn, 3% ẹ̀ ò ju $3,456 lọ. Tí inṣọ́ránsì bá fi $4,000 lé sí i lọ́dún yẹn, gbogbo àfikún ti tán, a ò tíì dé orí epo tí bọ́ílà ń mu. Láti October 1 sí May 31, tí ìta bá ti wálẹ̀ ju 55°F lọ lọ́sàn-án, inú ilé gbọ́dọ̀ tó 68°F, kò sí àwáwí. Ibi tí ilé kékeré ti ń jàǹfààní ni owó-orí: onífúláàtì mẹ́rin sí mẹ́wàá, iye tí ìjọba ń wò láti fi gba owó-orí ò lè fò ju 8% lọ lọ́dún àti 30% láàárín ọdún márùn-ún, àyàfi tí wọ́n bá kọ́ nǹkan kún un. Ẹni tó bá ra onífúláàtì mọ́kànlá ò ní ààbò yẹn.

Kó tó di June 2019, ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ra irú ilé yìí ni pé kí ayálégbé àtijọ́ sáà kó jáde. Tó bá ti jáde, wọ́n lè fi tó 20% lé e, wọ́n á tún fúláàtì ṣe, wọ́n á fìyẹn náà lé e, títí owó á fi kọjá $2,774.76, fúláàtì á wá bọ́ kúrò lábẹ́ òfin pátápátá. Wọ́n ti pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Ní báyìí ibi tówó ẹni tó jáde dé ni ti ẹni tuntun ti máa bẹ̀rẹ̀. Owó àtúnṣe tí wọ́n lè torí ẹ̀ fi kún owó ilé náà ní ibi tó mọ: fún ọ̀pọ̀ fúláàtì, kò lè ju $30,000 lọ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nínú ilé kékeré ó máa fi bíi $178 kún owó oṣù, ọdún mẹ́rìnlá gbáko kówó náà tó padà. Ejẹ́ńtì tó bá ṣì ń sọ pé "wọ́n máa tó kó jáde, owó á wọlé", ẹ má dá a lóhùn.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù kówó tó jáde lọ́wọ́ ni ìtàn owó ilé fúláàtì kọ̀ọ̀kan. DHCR, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ló ń tọ́jú ẹ̀, láti 1984 ni wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ayálégbé àti onílé ni wọ́n ń fún, torí náà ẹni tó ń tà ló gbọ́dọ̀ mú un wá, tó bá ń fi dónìí fọ̀la ẹ tètè máa lọ. Tówó bá kàn fò láti $800 sí $1,900 láìsí ìwé tó gbè é, ayálégbé lè pẹjọ́, wọ́n á wo ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, owó àlékún tí wọ́n máa dá padà fún un lè di ìlọ́po mẹ́ta, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ló sì máa forí fá a. Ẹ tún wò ó dáadáa o, nígbà míì iye méjì ló máa wà nínú ìwé, òfin lè gba $1,900 kó jẹ́ pé $1,300 ni láńlọ́ọ̀dù ń gbà. Orí $1,300 yẹn ni àfikún máa gùn títí ayálégbé náà á fi jáde, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣírò.

Ní ti báńkì, ilé tó bá ju fúláàtì mẹ́rin lọ, ẹ̀yáwó oníṣòwò ni wọ́n máa fún un, èlé ẹ̀ sì sábà máa ń yí padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, méje tàbí mẹ́wàá. Signature Bank, tó máa ń yá àwọn onílé yìí lówó dáadáa, wó ní March 2023.

Ẹbí tó bá dáwó pọ̀ ra ilé, tí wọ́n ń rò pé màmá á gbé ìsàlẹ̀, àbúrò á gbé òkè, ẹ kọ́kọ́ rí lọ́ọ̀yà. Láti 2019, fúláàtì kan ṣoṣo ni onílé lè gbà padà láti fi gbé, ìdí ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lágbára. Tí ayálégbé inú ẹ̀ bá ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níbẹ̀, tàbí tó ti pé ẹni ọdún 62, onílé ló máa wá ibòmíì tó dáa tó bẹ́ẹ̀ fún un nítòsí, tówó ẹ̀ ò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká tiẹ̀ ní ayálégbé náà kú, ọmọ ẹ̀ tó ti bá a gbébẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó síbẹ̀, lórí owó yẹn náà.