Bí Linux ṣe ń dá díìsìkì mọ̀

Tí flash bá wọ ara kọ̀ǹpútà Linux, orúkọ kan bíi /dev/sdb1 á yọ. Orúkọ yẹn kò sọ ohun tó wà nínú. Ó lè jẹ́ ext4, ó lè jẹ́ XFS (ètò fáìlì ni méjèèjì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí díìsìkì), ó sì lè jẹ́ pé wọn ò tíì ṣètò rẹ̀ rárá.

Ilà ojú ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ètò fáìlì kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀ àti ojú ibi tó ń kọ ọ́ sí. XFS ń kọ XFSB sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Ti ext4 kò ju báìtì méjì lọ, 53 EF, ní báìtì 1080. Btrfs ní tirẹ̀ á fo kílóbáìtì 64 kó tó bẹ̀rẹ̀, àmì rẹ̀ sì ni _BHRfS_M. Díìsìkì ìbáà tóbi bí òkè, ìwọ̀nba báìtì yìí náà ni wọn yóò kà.

Díìsìkì wo gan-an ni kí wọ́n wá kà? Fún Btrfs, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, torí ètò fáìlì kan ṣoṣo lè wà lórí díìsìkì mẹ́ta, UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀) kan náà lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kernel, ọkàn Linux gan-an, ò bá tíì mọ gbogbo wọn, mount, àṣẹ tó ń ṣí ètò fáìlì fún lílò, á kọ̀ jálẹ̀, àyàfi téèyàn bá fi degraded (pé kó ṣí i bí díìsìkì ò tiẹ̀ pé) kún un. Iṣẹ́ àṣẹ `btrfs device scan` ni láti jẹ́ kí kernel mọ̀ wọ́n: èyí tó bá rí àmì Btrfs lára rẹ̀, á fi tó kernel létí gba ojú /dev/btrfs-control.

Nígbà kan, ńṣe ló ń rìn yí gbogbo /dev, ibi tí Linux ń kó orúkọ àwọn ẹ̀rọ sí, ká. Ìrìn àṣedànù ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Díìsìkì níbẹ̀ dà bí ọmọ tuntun tí bàbá, ìyá àti ìyá àgbà sọ lórúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: sda ni, ó ní ti by-id, ó tún ní ti by-path. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé orúkọ á kan ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sì tún bá /dev/null, tí kì í ṣe díìsìkì rárá, pàdé lọ́nà.

Kernel fúnra rẹ̀ kúkú ní àkọsílẹ̀ wọn, ní /proc/partitions àti /sys/block. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni libblkid, àkójọ kóòdù tí àwọn irinṣẹ́ mìíràn lè yá lò, ń lò, ó sì ti mọ àmì ọ̀pọ̀ ètò fáìlì, torí náà kò sí ìdí fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti tún kọ tirẹ̀. Òun ni scan ń bi báyìí. `--all-devices` ṣì wà o, fún ọjọ́ tí libblkid ò bá sí.

Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń fọwọ́ tẹ àṣẹ yìí. Bí díìsìkì bá ti wọlé, kernel á ké sí udev, ètò tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó bá wọlé, udev á sì jẹ́ kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Inú initramfs (ètò kékeré tí Linux kọ́kọ́ ń lò nígbà tó bá ń tàn) tí kò ní udev ni wàhálà kù sí: bí scan ò bá ṣáájú mount níbẹ̀, àfi kí wọ́n fi `device=` dárúkọ díìsìkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.